Ọparun Yẹ Nínú Pálọ̀

Ní ọdún 1590, Toyotomi Hideyoshi, ajagun tó fẹ́ kó gbogbo ilẹ̀ Jàpáànù sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀, kó ogun ti odi Odawara. Ó mú Sen no Rikyū, olùkọ́ rẹ̀ nínú ètò tíì mímu, lọ́wọ́ lọ sójú ogun náà. Odi Odawara kò tètè ṣubú, àwọn ọmọ ogun jókòó tì í fún oṣù mélòó kan. Láàárín àkókò yìí ni Rikyū rí ọparun kan tó wù ú ní Nirayama, ní agbègbè Izu, tí kò jìnnà sí ojú ogun. Ó gé e, ó sì fi ṣe ohun tí wọ́n ń fi òdòdó sí. Kò kùn ún, kò fín àwòrán kankan sí i. Ó jẹ́ kí oríkèé ọparun náà di ìdí rẹ̀, ó la ojú kan sí i níwájú níbi tí òdòdó yóò ti yọ, iṣẹ́ parí. Gbogbo gíga rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

Ọparun náà là níwájú. Rikyū kò jù ú nù. Wọ́n sọ ọ́ ní Onjōji, orúkọ tẹ́ńpìlì kan tí agogo rẹ̀ náà ní ojú ibi tó ti sán, Rikyū sì fi ta ọmọ rẹ̀, Shōan, lọ́rẹ. Ìtàn tí àwọn tó ń ṣe ètò tíì ń sọ fún ara wọn ni pé ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, omi ń kán láti ojú ibi tó là bọ́ sórí ẹní. Àlejò kan béèrè pé ṣé kò burú bẹ́ẹ̀. Rikyū dá a lóhùn pé omi tó ń jò yẹn gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Jàpáànù ní Tokyo ni ọparun yìí wà lónìí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn idà àtijọ́ àti ère àwọn òrìṣà.

Kí a lè mọ bí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ti tóbi tó, ẹ rántí pé ṣáájú àkókò rẹ̀, idẹ àti amọ̀ dídán tó ti Ṣáínà wá ni àwọn ọlọ́lá Jàpáànù fi ń gbé òdòdó sí iwájú àlejò. Hideyoshi fúnra rẹ̀ ti ṣe yàrá tíì kan ní 1586 tí ó fi wúrà bo ògiri àti àjà rẹ̀, yàrá tí wọ́n lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì gbé kiri. Ẹni tó ní yàrá wúrà ni Rikyū ń gbé ọparun sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ní ó tún gé òmíràn ní Nirayama, tó fún Hideyoshi pàápàá. Láti ìgbà náà wá, kò sí ilé olówó tí ọparun kò lè wọ̀ ní ilẹ̀ náà.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni pé ọparun kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ẹ̀gbá tàbí ní Oǹdó mọ igbó ọparun létí odò, bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Àwọn àgbà á máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kò gbọdọ̀ ṣeré débẹ̀, nítorí ejò, àti nítorí iwin tí wọ́n ní ó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọparun ni a fi ń gbé dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró kí kọnkéré tó gan. Òun ni òpó àtíbàbà níbi ìnáwó, òun ni àkàbà, òun ni igi tí iṣu ń fà mọ́, òun ni ọ̀pá tí ọlọ́kọ̀ fi ń ti ọkọ̀ lójú ọ̀sà. Síbẹ̀, ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Bí dẹ́kìn bá ti gan, a ó yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjò á pa á, oòrùn á pa á, ó di igi ìdáná. Bí ẹnì kan bá sì gbé àga ọparun sí pálọ̀, àlejò á rò ó nínú ara rẹ̀ pé owó ló tán lọ́wọ́ onílé.

Èmi kò gbà pé ọparun ló kéré. Ìtọ́jú tí a kò fún un àti ọlá tí a kò fún ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ di igi àtíbàbà lásán.

Ní Jàpáànù, ọparun máa ń dé orí ilẹ̀ kí ilé tó dé ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n á pe àlùfáà ẹ̀sìn Ṣintó wá ṣe ètùtù ilẹ̀. Ọparun tútù mẹ́rin, tewé-tewé, ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sì fi okùn tí wọ́n fi pòròpórò ìrẹsì lọ́ yí wọn po. Àárín ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀mí tó ni ilẹ̀ kí ọkọ́ tó kan ìpìlẹ̀. Nígbà tí ilé bá parí tí àwọn ènìyàn ti ń gbé inú rẹ̀, ọparun á tún dé ẹnu ọ̀nà bí ọdún bá ti ń kógbá wọlé. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń so ó pọ̀, wọ́n á gé orí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mú ṣóńṣó, wọ́n á fi ẹ̀ka páìnì yí ìdí wọn ká, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ọ̀tún ilẹ̀kùn, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Kadomatsu ni wọ́n ń pe èyí. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òun ni òrìṣà ọdún tuntun fi ń mọ ilé tí yóò wọ̀. Yóò wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ keje oṣù Kìíní, kí wọ́n tó kó o lọ síbi tí wọ́n á ti sun ún. Bí oṣù Keje bá dé, ọmọdé àti àgbà á kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sórí bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀ka ọparun níwájú ilé.

Ìwà ọparun fúnra rẹ̀ ló bí gbogbo èyí. Òjò dídì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà òtútù títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò dídì náà bá ti yọ́, á tún nàró. Ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán bí ti àwọn igi yòókù. Nítorí náà ni wọ́n fi kà á mọ́ igi oríire mẹ́ta, òun àti páìnì àti igi plum tó ń yọ òdòdó nínú òtútù. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà tún tọ́ka sí inú rẹ̀ tó ṣófo, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọkàn ọmọlúàbí rí, láìsí ìgbéraga tó dí i lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àròsọ Jàpáànù tó pẹ́ jù lọ, tó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, sọ nípa bàbá arúgbó kan tó ń gé ọparun, tó rí èyí tí ìdí rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó wo inú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ló bá níbẹ̀, ọmọ tó wá láti inú òṣùpá. Ó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé, wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà. Àwọn náà gbà pé nǹkan ń gbé inú igbó ọparun, bí àwọn àgbà tiwa ṣe gbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n mú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ wálé.

Nínú ilé ọba Katsura ní Kyoto, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, pèpéle kan wà tí wọ́n fi ọparun tẹ́ pẹrẹsẹ, tó yọ síwájú sí ojú adágún omi. Ibẹ̀ ni ọmọ ọba tó ni ilé ń jókòó sí láti wo òṣùpá. Apá kan ọgbà rẹ̀ jẹ́ ọparun tó ṣì ń hù lórí ilẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀ tí wọ́n sì hun mọ́ra láìgé e. Bí ó bá ń gbó, wọ́n ń tún un hun. Ilé ọba nìyẹn o, tí wọ́n lè fi òkúta ṣọgbà rẹ̀ bí ó bá wù wọ́n.

Ìlú kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀. Beppu ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oita, ní erékùṣù Kyushu. Omi gbígbóná ń tú jáde látinú ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ara ń ro sì ti ń wá wẹ̀ níbẹ̀ láti ayé àtijọ́. Láyé ìgbà náà, àwọn wọ̀nyí kì í wá fún ọjọ́ kan. Wọ́n á gba yàrá, wọ́n á máa dáná fúnra wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹni tó ń dáná nílò ohun tí yóò fi fọ ìrẹsì, ohun tí yóò fi ro omi lára ẹ̀fọ́, ohun tí yóò kó oúnjẹ sí. Àwọn ará Beppu fi ọparun hun ún fún wọn. Bí àlejò bá ń padà sílé, á ra ọ̀kan dání fún ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni agbọ̀n Beppu ṣe di mímọ̀ jákèjádò. Ní 1902, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọparun. Ní 1979, ìjọba Jàpáànù kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ìbílẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò. Títí di òní, ìjọba ìpínlẹ̀ Oita ní ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Beppu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Madake ni ọparun tí wọ́n ń lò jù. Wọn kì í gé èyí tó ṣì rọ̀. Á ti tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e, nígbà tí oúnjẹ inú rẹ̀ ti dín kù. Wọ́n á sè é nínú omi tí wọ́n fi sódà díẹ̀ sí. Òróró á sun jáde lára rẹ̀, wọ́n á sì fi aṣọ nù ún kíákíá kó tó gan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á tò ó dúró sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọ̀ ewé á ṣí lára rẹ̀, á sì wá dán fẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín erin.

Pípín ló kàn. Oníṣẹ́ á ki ọ̀bẹ bọ orí ọparun, á lù ú wọlé. Bí ọ̀bẹ bá ti wọlé tán, kò ní gé mọ́. Yóò máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, yí i díẹ̀ sósì, ọparun á sì máa là láti oríkèé kan dé èkejì. Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, títí yóò fi di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ń fá inú rẹ̀ dà nù, nítorí ara ẹ̀yìn ni agbára rẹ̀ wà. Oníṣẹ́ á wá ri ọ̀bẹ kékeré méjì mọ́ orí ìtì igi kan, á fi àlàfo díẹ̀ sí àárín wọn, á máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àárín wọn kọjá kí fífẹ̀ gbogbo wọn lè ṣe déédéé. Wọ́n máa ń sọ nínú iṣẹ́ náà pé ọdún mẹ́ta ni ènìyàn fi ń kọ́ pípín nìkan. Mo gbà wọ́n gbọ́. Híhun tí àwa òǹwòran ń yìn, ìparí iṣẹ́ ni. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun, iṣẹ́ tó le jù ti kọjá.

Ọlá wá ń tẹ̀ lé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Hayakawa Shōkosai àkọ́kọ́, oníṣẹ́ Osaka tó gbé ayé láti 1815 sí 1897, ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí agbọ̀n. Ohun kékeré ló dà bíi pé ó ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni agbọ̀n ti ní bàbá. Ní 1967, ìjọba fi Shōno Shōunsai, ọmọ Beppu, jẹ oyè Ìṣúra Orílẹ̀-èdè, oyè tí wọ́n ń fi dá àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà lọ́lá nígbà tí wọ́n wà láàyè. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè náà nítorí ọparun. Ní 2017, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York gbé àfihàn iṣẹ́ ọparun Jàpáànù kalẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń tò wá wo agbọ̀n bí wọ́n ti ń wo àwòrán olókìkí.

Àwa náà mọ irú ọlá yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé àfihàn Wembley ní London ní 1924, British Museum ló sì wà báyìí. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò parun nítorí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi oríkì pè é. Ta wá ni ó mọ oríkì ẹni tó hun apẹ̀rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi kórè? Ta ló béèrè orúkọ ọkùnrin tó hun àga tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálaalẹ́? A dá agbẹ́gilére mọ̀, a dá alágbẹ̀dẹ mọ̀, a fi ẹni tó ń hun nǹkan sílẹ̀ láìlórúkọ. Ó ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Nígbà tí Thomas Edison ń wá okùn tí kò ní tètè jó nínú gílóòbù iná, láti 1880, ọparun ló bá a débẹ̀, èyí tí wọ́n gé ní Yawata nítòsí Kyoto sì tàn ju ẹgbẹ̀rún wákàtí lọ. Ní 1951, Isamu Noguchi, oníṣẹ́ ọnà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Jàpáànù, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà, yà ní Gifu, ìlú tí a mọ̀ fún fìtílà bébà. Ó wo bí wọ́n ti ń ká ọparun tín-ín-rín yípo, tí wọ́n ń lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Ó yọ àbẹ́là kúrò, ó fi iná mànàmáná sí i, ó sì sọ ọ́ ní Akari. Ilé iṣẹ́ Ozeki ní Gifu ṣì ń fi ọwọ́ ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ohun ọparun wo ni kó kọ́kọ́ gbé sínú yàrá kékeré, fìtílà ni n ó sọ. Kò gba àyè, kì í gbé ìwúwo wá sínú ilé, ó sì ń sọ iná funfun gbàù tó ń dun ojú di ìmọ́lẹ̀ tútù.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán lọ́dọ̀ wọn. Madake máa ń yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 120 ọdún, lẹ́yìn èyí ni igbó á kú. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Jàpáànù ní àwọn ọdún 1960, lásìkò tí ike ń wọ ilé ìdáná. Kí ọparun tó sọjí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ike rọ́pò agbọ̀n. Lónìí àwọn igbó ọparun wà tí kò sẹ́ni tó ń gé wọn, tí gbòǹgbò wọn ń jẹ oko ẹlòmíràn.

Nílé wa ńkọ́? Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ọparun kì í pẹ́, pé kòkòrò á lu ú, lẹ́búlẹ́bú á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ àga. Òótọ́ ni. Sítáàṣì inú rẹ̀ ni kòkòrò ń wá, ọparun tó wọ́pọ̀ ní àgbègbè wa sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú. Ẹ má gé èyí tí lẹ́búlẹ́bú funfun àti èèpo ṣì wà lára rẹ̀, ọmọdé nìyẹn. Ẹ wá èyí tí ara rẹ̀ ti ṣú, tó ń dún gan-an bí ẹ bá fi ẹ̀yìn àdá kàn án. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e. Ẹ rì í sínú odò tó ń ṣàn fún oṣù kan sí méjì kí omi lè fọ sítáàṣì náà jáde. Ẹni tí kò ní odò nítòsí lè po bórákìsì àti ásíìdì bórìkì mọ́ omi, kó fi irin gígùn lu àárín àwọn oríkèé kí omi náà lè wọ inú, kó sì rì í sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti jẹ́ kó gbẹ, ní ìdúró, nítorí oòrùn gangan máa ń la èyí tí a kò sè bíi ti Beppu. Fún ìdí kan náà, ẹ má gbé e sí ibi tí èémí AC ti ń fẹ́ lù ú. Bí ẹ bá fẹ́ fi òdòdó sí i, ẹ ki ife tàbí ike tóóró bọ inú rẹ̀ kí omi má baà kàn án. Àwọn ará Jàpáànù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ tó lè ṣe é kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ yà ní Mende, ní Maryland l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń fi pankẹ́rẹ́ hun àga àti àpótí aṣọ, ẹ máa rí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ká, tó mọ̀ ọ́n dì. Nàìjíríà náà sì wà nínú INBAR, àjọ àgbáyé fún ọparun àti pankẹ́rẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Beijing. Ohun tí a kò tíì ní ni irú ilé ẹ̀kọ́ tí Beppu dá sílẹ̀ ní 1902, níbi tí ọmọ yóò ti kọ́ gígé, sísè, gbígbẹ àti pípín kó tó kan híhun. Ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó tí ó máa gbà kò tó èyí tí a ń ná sórí pátákó ìkíni lọ́dún ìbò.

Kí ìjọba tó jí, ẹ̀yin òǹkàwé lè ṣe tiyín. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra ohun ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀, ẹ lọ bá oníṣẹ́ nítòsí yín, ẹ bi í bóyá ó ti rẹ ọparun náà sínú omi tàbí ó ti fi oògùn sí i, ẹ sì san owó iṣẹ́ náà fún un láìná an bí ẹni ń ra igi ìdáná. Kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀.